Lẹ́tà sí Bọ́lá nípa fúláàtì Peckham

London,
Oṣù Kejì, 2026

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ooru Ìbàdàn. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé o fẹ́ ta fúláàtì Peckham kí o lè fi owó rẹ̀ parí ilé Akóbọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má tíì jẹ́ kí agent kankan gbé e síta.

Mo yọ ẹ̀dà líìsì (ìwé tó sọ iye ọdún tí fúláàtì náà yóò fi jẹ́ tìrẹ kó tó padà sọ́wọ́ onílẹ̀) tí o fi pa mọ́ sọ́dọ̀ mi wò. Ilé káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ ibí, ni tẹ́lẹ̀; káńsù náà ṣì ni onílẹ̀ rẹ. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á lábẹ́ Right to Buy, ètò tó jẹ́ kí ayálégbé káńsù ra ilé tó ń gbé, gba ọdún 125, láti 1982. Ní 2107 ni yóò tán. Ọdún 81 àti oṣù díẹ̀ ló kù. O lè ní ta ni yóò wà láyé nígbà yẹn, ṣùgbọ́n iye ọdún ni lọ́yà oníbàárà yóò kà. (Má rẹ́rìn-ín àwọn òyìnbó o. C of O tí o fi ń yangàn ní Akóbọ̀ náà, ọdún 99 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lábẹ́ Land Use Act 1978.)

Ọdún 80 ni ààlà. Bí líìsì bá ti já wálẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi ọdún kún un yóò tún san marriage value: wọ́n á wo iye tí fúláàtì náà fi gbówó lórí sí i nítorí ọdún tuntun yẹn, onílẹ̀ á sì gba ìdajì rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́ún lè bá a lọ. Ẹni tó bá ra ọdún 81 mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu ọ̀nà, á sì ní kí o dín owó kù fún òun.

Èrò tèmi ni pé kí lọ́yà rẹ kọ Section 42 notice sí káńsù kíákíá, lábẹ́ òfin líìsì ti 1993, pé o fẹ́ kí wọ́n fi ọdún 90 kún un. Ọjọ́ ìwé náà ni wọn yóò fi ṣírò owó, bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ fà gùn. Kò sì di dandan kí ìwọ sanwó náà: lọ́jọ́ tí o bá ta ilé, o lè fa ẹ̀tọ́ inú ìwé náà lé oníbàárà lọ́wọ́ pọ̀ mọ́ líìsì, kó máa bá a lọ. Lóòótọ́, láti oṣù Kìn-ín-ní 2025, oníbàárà kò ní láti dúró ọdún méjì mọ́ kó tó béèrè fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé Land Registry, àwọn yẹn kì í sì í kánjú.

Wọ́n á sọ fún ọ pé kí o dúró de òfin 2024, tó fẹ́ pa marriage value rẹ́, tó sì fẹ́ sọ ọdún 90 di 990. Apá yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé Akóbọ̀ sì ń dúró de páànù.

Ti ground rent, ìṣákọ́lẹ̀ tí à ń san fún onílẹ̀, kò kàn ọ́. Ìṣákọ́lẹ̀ pọ́ún 10 lọ́dún ni tìrẹ. Ti àbúrò mi ló dunni. Pọ́ún 250 ni tirẹ̀, ó sì ń di ìlọ́po méjì ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. 250 kò jọ nǹkan kan nígbà tó ń rà á. Ṣírò rẹ̀ dé ogójì ọdún: pọ́ún 4,000 lọ́dún! Nígbà tó fẹ́ tà á, báǹkì oníbàárà kọ̀, ti ẹlòmíì náà kọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ kí ìṣákọ́lẹ̀ ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún iye ilé lọ. Onílẹ̀ gbowó gidi lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbà láti tún líìsì kọ. Láti oṣù Kẹfà 2022, òfin kò gba irú rẹ̀ láàyè lórí ọ̀pọ̀ líìsì tuntun; kò kan ti àtijọ́.

Nígbà tó jẹ́ pé Nàìjíríà lò ń gbé báyìí, bí o bá tà á tán, ọjọ́ 60 péré lo ní láti sọ fún àwọn agbowó-orí ibí, bí èrè kò tilẹ̀ sí. Fi nọ́ńbà lọ́yà tí o bá mú ránṣẹ́, èmi ni n ó gbé líìsì náà lọ fún un.

Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnmi