Ẹsẹ̀ ló yẹ ká fi rin Wittenberg

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àkọsílẹ̀ yín lórí ìrìn-àjò sí Wittenberg ní Jámánì, ìlú Martin Luther, àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìsìn tó bí àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, níbi tí ẹ ti gba àwọn ará ìjọ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì yí ìlú náà ká. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi rìn ín.

Ìlú náà kò tóbi. Láti ilé Luther dé Ṣọ́ọ̀ṣì Ààfin kò ju ìrìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ, èèyàn á sì kọjá níwájú ilé Melanchthon, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn onígi ṣọ́ọ̀ṣì náà, tí wọ́n sọ pé Luther kan kókó ọ̀rọ̀ 95 tó fi tako títa ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ní 1517, ti jóná tipẹ́. Ti idẹ tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1858 ni wọ́n kọ kókó ọ̀rọ̀ 95 náà sí lára, ní èdè Látìn. Ta ló máa rí i kà láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì?

Èyí tó ká mi lára jù ni ère òkúta tí ẹ kò mẹ́nu bà. Ó wà lókè lára Ṣọ́ọ̀ṣì Màríà, níbi tí Luther ti máa ń wàásù; wọ́n gbẹ́ ẹ láti fi àwọn Júù ṣẹ̀sín. Luther náà kọ ìwé burúkú tako àwọn Júù ní 1543. Àwo ìrántí tí wọ́n ṣe ní 1988 fún àwọn Júù tí ìjọba Hitler pa wà nílẹ̀ nísàlẹ̀ ère náà gan-an. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ló lè gbójú sókè wo ère, kó sì tún wo ilẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún un bí ẹ bá tún kọ nípa ìlú náà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn, Abẹ́òkúta