Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọdé Mọ Àwọn Tó Júwe Ọ̀nà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ojú ewé àwọn ọmọdé ni àwọn ọmọ mi máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi ní Abuja níbí, nítorí pé òun ni ìwé Yorùbá kan ṣoṣo tí wọ́n ń kà láìjẹ́ pé mo lé wọn sídìí rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín lórí bí a ṣe ń sọ ìtàn àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò fún ọmọdé.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi kan sọ fún mi pé Mungo Park ló ṣàwárí Odò Ọya, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Mo bi í pé ta ló sọ odò náà ní Ọya kí Park tó dé. Mo tún sọ fún un pé Kwara ni àwọn Haúsá aládùúgbò wa ń pè é, àti pé láti ara rẹ̀ ni Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí ìyá rẹ̀ ti wá, ti gba orúkọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Dádì, kí ni Mungo Park wá rí nígbà náà?"

Ìbéèrè yẹn sàn ju ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ lọ, ó sì ní ìdáhùn. Ohun tí àwọn ará Yúróòpù kò mọ̀ ni ìhà tí odò náà ń ṣàn sí àti ibi tó ti ń wọ òkun. Nígbà tí Park dé Ségù, ìlú kan létí odò náà ní ilẹ̀ Mali òde òní, ní oṣù Keje ọdún 1796, ó fojú ara rẹ̀ rí i pé ìlà-oòrùn ni omi ń ṣàn lọ. Ó padà wá ní 1805, ó sì kú ní Búsà ní 1806, níbi tí adágún Kainji ti bò mọ́lẹ̀ báyìí. Ẹnu Amadi Fatouma, tó ti ń júwe ọ̀nà fún un, ni wọ́n ti gbọ́ bó ṣe kú. N kò ní kí a fi ìgboyà ọkùnrin náà dù ú. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹnìkan ló máa ń yá a lójú.

Ní 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gbéra láti Àgbádárìgì, wọ́n gba Ọ̀yọ́-Ilé kọjá lọ sí Búsà, wọ́n sì tẹ̀lé odò náà títí dé etí òkun. Pasko, ọkùnrin Haúsá tó ti bá Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò mìíràn, rìn ṣáájú, wà pẹ̀lú wọn. Katunga ni wọ́n pe Ọ̀yọ́-Ilé nínú ìwé wọn, orúkọ tí àwọn Haúsá ń pè é. Ẹ bi ọmọdé pé kí ló dé tí ìlú Aláàfin fi ń jẹ́ orúkọ Haúsá nínú ìwé òyìnbó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rò ó fúnra rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó sì padà gun odò yìí nínú ọkọ̀ ní 1841, àti ní 1854 pẹ̀lú Baikie, dókítà òyìnbó tó darí ìrìn-àjò náà, nígbà tí oògùn kuiníìnì kò jẹ́ kí ibà pa òyìnbó kankan nínú wọn.

Àwọn kan yóò ní kí a má dá ọ̀rọ̀ ẹrú sílẹ̀ létí ọmọdé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1444, àwọn Potogí pín ènìyàn 235 tí wọ́n kó láti etíkun Áfíríkà láàárín ara wọn ní ìlú Lagos ní ilẹ̀ wọn, àwọn Potogí kan náà ló sì fún Èkó ní orúkọ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbọ́ ọ, bí a bá sọ ọ́ láìbẹ̀rù.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ tẹ máàpù Odò Ọya sójú ewé yẹn pẹ̀lú gbogbo orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ afinimọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti arìnrìn-àjò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Yorùbá tó ń ti Abuja lọ sílé gbọ́dọ̀ gba orí odò yìí kọjá, ìbáà ṣe ní Jẹ́bà tàbí nítòsí Lọ́kọ́ja. Oorun ni àwọn tèmi ń sùn nígbà tí a kọjá ní Kérésì tó lọ. Bí máàpù náà bá lè jáde kí oṣù Kejìlá tó dé, mà á fi lé wọn lọ́wọ́ nínú mọ́tò.

Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta,
Kubwa, Abuja.