Àgbàdo tútù ti dé, ẹ jẹ́ ká se àbàrí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé èyí jáde kí àgbàdo tútù tó kásẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń sè é tí wọ́n sì ń sun ún, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣì ń fi í se àbàrí, ìyẹn mọ́ínmọ́ín àgbàdo tútù tí àwọn mìíràn ń pè ní sapala, kò pọ̀ mọ́. Wọ́n ní kì í dì, ni wọ́n bá ń bu fúláwà lé e, adùn àgbàdo á sì pòórá. Ọjà ni nǹkan ti ń bàjẹ́, kì í ṣe inú ìkòkò.

Ẹ wo irun orí àgbàdo náà: kó ti gbẹ, kó ti dúdú, ṣùgbọ́n kí èèpo rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ ṣí i díẹ̀, kí ẹ fi èékánná tẹ ọmọ rẹ̀ kan. Bí omi lásán bá jáde, kò tíì tó. Kò ní dì láéláé. Bí oje funfun tó ki bíi wàrà bá jáde, òun gan-an nìyẹn. Bí kò bá sí oje rárá, ó ti gbó jù. Ọjọ́ tí wọ́n bá ya á ni kí ẹ lò ó, torí bó bá ti kúrò lára pòròpórò ni ṣúgà inú rẹ̀ ti ń di sítáàṣì, oòrùn ọjà sì ń mú un yá sí i.

Fún àgbàdo mẹ́wàá, ẹ wá tàtàṣé kan, ata rodo méjì, àlùbọ́sà kan tó mọ níwọ̀n, epo pupa ṣíbí ìjẹun mẹ́rin àti iyọ̀ ṣíbí ìmutíì kan. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi edé lílọ̀ ṣíbí méjì sí i. Mi ò rí iṣẹ́ tí màgí fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ẹ fi ọ̀bẹ rẹ́ ọmọ àgbàdo náà, ẹ má jẹ́ kó wọ ṣùkù, torí ìyẹn kì í lọ̀ kúnná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ṣùkù náà sínú abọ́. Oje tó ṣẹ́kù síbẹ̀ wà lára ohun tó ń mú àbàrí dì, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó dànù. Bó bá jẹ́ bílẹ́ńdà ni, ata àti àlùbọ́sà ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí omi ara wọn lè mú un yí. Ẹ má bu omi mìíràn sí i àfi bó bá kọ̀ jálẹ̀. Kó ki ju ti mọ́ínmọ́ín lọ: bí ẹ bá fi ṣíbí bù ú, kó máa já bọ́, kó má ṣàn. Ẹ̀wà lágbára láti di ara rẹ̀ mú, àgbàdo tútù kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣàn, ẹ po ìyẹ̀fun àgbàdo ṣíbí méjì mọ́ ọn, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má fi í sílẹ̀ pẹ́ títí o, ó máa kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ po iyọ̀ àti epo mọ́ ọn, àti edé bó bá wà. Epo kò gbọdọ̀ gbóná. Kó ṣáà ti yọ́ ni. Bó bá pọ̀ jù, á léfòó sókè.

Ewé eéran dára, ṣùgbọ́n èèpo àgbàdo náà tó fẹ̀ tó sì rọ̀ ṣeé pọ́n ọn sí. Kí omi ti máa hó kí ẹ tó tò ó sínú ìkòkò, lórí igi ewé, kí omi má dé ara rẹ̀. Wákàtí kan ló máa ń gbà. Bí omi bá ń gbẹ, omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un, láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Bí ẹ bá ṣí i lójú ẹsẹ̀ tó kúrò lórí iná, á dà bí ẹni pé kò jinná. Ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ má tú ewé ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ooru omi gbígbóná ni kí ẹ fi mú un gbóná, tàbí kí ẹ gé e pẹlẹbẹ, kí ẹ fi epo díẹ̀ dín in.