Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹ Ní OLED Ni, LCD Ni Ẹ Fi Ránṣẹ́

Òpópónà Ajílósùn,
Adó-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Ọ̀gá Àgbà Ilé Iṣẹ́,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ OJÚ FÓÒNÙ GALAXY A51 TÍ Ẹ TÀ FÚN MI

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú fóònù Samsung Galaxy A51 ni mo rà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ tí ẹ máa ń tà mọ́ ọn fún ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ ojú fóònù nílé. OLED, ìyẹn irú ojú fóònù tó ń tan iná fúnra rẹ̀, ni ẹ pè é níbi tí ẹ ti polówó rẹ̀. LCD, irú èyí tí iná rẹ̀ wà lẹ́yìn, ni ẹ fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo pè yín, ọmọ iṣẹ́ yín sọ fún mi pé ọjà tí wọ́n bá ti ṣí ọ̀rá ẹnu wáyà rẹ̀, ẹ kì í gbà á padà mọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí ló dùn mí jù, màá dé orí rẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà mi ti ń fi sítáì ránṣẹ́, inú fóònù yẹn ni ìwọ̀n wọn wà, òun náà ni mo fi ń gba owó. Nígbà tí ojú rẹ̀ sán, mo lè gbé e lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe lọ́nà Òkèṣà, mi ò sì ní sọ pé wọn ò mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní kí n fi nọ́ńbà tí mo fi ń ṣí i sílẹ̀, fóònù á sì sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú owó mi àti ọ̀rọ̀ oníbàárà tó wà nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ mi palẹ̀, tí mo ń nù ún, tí mo ń tò ó padà. Súkúrù kéékèèké kò bà mí lẹ́rù.

Kí n tó sanwó ni mo ti bi yín léèrè bóyá ìtẹ̀ka abẹ́ ojú fóònù náà, tí a fi ń ṣí fóònù, yóò ṣiṣẹ́. Ìdí wà tí mo fi béèrè. A51 kì í ka ìka lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́ ojú rẹ̀ ló ti ń kà á. Ìmọ́lẹ̀ ni yóò gba inú ojú náà lọ bá ìka, tí yóò sì padà sísàlẹ̀ lọ bá ohun tó ń kà á. OLED gba ìmọ́lẹ̀ yẹn láàyè. LCD ní iná tirẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn, ìyẹn ló sì ń dí ọ̀nà. Èsì tí ẹ fún mi ni pé, "Yóò ṣiṣẹ́ dáadáa, mà." Mo fi àwòrán ọ̀rọ̀ náà mọ́ lẹ́tà yìí pẹ̀lú rìsíìtì mi.

Mo gba ẹrù ní gáráàjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi dráyà gbóná ẹ̀yìn fóònù títí gọ́ọ̀mù fi rọ̀, mo ṣí i, mo tú súkúrù inú rẹ̀, mo sì yọ ẹnu bátìrì kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Mo yọ ojú tó fọ́ kúrò. Mo gbé tuntun lé inú férémù láì fi gọ́ọ̀mù kan kàn án, mo fi wáyà rẹ̀ sí ojúhò, mo dá ẹnu bátìrì padà, mo tàn án. Ó tàn, ó sì ń gbọ́ ìka. Inú mi dùn nígbà yẹn.

Mo wá ní kó ka ìka mi. Kò kà á. Mo nu ojú rẹ̀, mo nu ọwọ́ mi, mo tún un ṣe, kò kà á. Mo wo etí rẹ̀, ó yọ sókè ju férémù lọ, nítorí pé LCD nípọn ju ojú tí wọ́n fi ṣe fóònù náà nílé iṣẹ́. Lálẹ́, mo pa iná yàrá, mo gbé àwòrán dúdú pátápátá síbẹ̀. Nínú OLED, ojú iná kékeré kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán ló ń tan iná ara rẹ̀, èyí tó bá yẹ kó dúdú kì í tan rárá. Nínú òkùnkùn, èèyàn kò ní mọ ibi tí ojú fóònù parí sí. Èyí tí ẹ fún mi mọ́ fírífírí láti òkè dé ìsàlẹ̀, etí rẹ̀ tún mọ́ ju àárín lọ. Iná ẹ̀yìn LCD nìyẹn. Mo ya fídíò rẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí yín. Kò sí ẹni tó fèsì sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé ìtọ́ni yín, nítorí ìyẹn lè ṣe èèyàn léṣe. Ti iPhone ni ìwé tí ẹ kó sínú àpò mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ tú súkúrù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ṣájà. A51 kò ní súkúrù níbẹ̀. Ó ní kí n ti iwájú ṣí i, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣí A51. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìwé náà yóò máa fi irin pẹlẹbẹ tó wà nínú àpò yín wá ojú ọ̀nà sínú fóònù tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bátìrì lithium ni, bí irin bá gún un, ó lè gbiná lójú ẹsẹ̀. Mo ka ìwé náà délẹ̀, kò sí ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé kí èèyàn yọ ẹnu bátìrì. Ẹ ò sọ pé kí wọ́n lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ dígí tó fọ́ kó má baà ta sí wọn lójú. Ẹ ò sọ pé kí wọ́n dán ojú tuntun wò kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣọ́ owó ná ni yóò ra irú àpò yìí, ìwé yín nìkan ni yóò sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ fojú inú wo ọmọ tiyín nídìí ẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Ẹnu wáyà ni ẹ fi ọ̀rá náà bò. Wáyà yẹn ni a gbọ́dọ̀ kì bọ ojúhò kí ojú fóònù tó lè tàn. Ẹni tí kò bá ṣí ọ̀rá kò lè mọ ohun tó rà. Ẹni tó bá sì ṣí i, ẹ ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀nà wo lẹ wá là sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ bá ta ọjà tí kì í ṣe èyí tó béèrè fún? Bí mo bá ran aṣọ tí kò bá oníbàárà mi mu, mi ò lè sọ fún un pé nítorí ó ti wọ̀ ọ́ wò, tirẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi ní Adó yìí. Àwa tí a wà ní Èkìtì ò lè dé kàńtà yín ní Èkó kí á fọwọ́ gbá ọjà mú kí á tó sanwó. Ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ni a fi ń rà, nítorí náà ó yẹ kí ẹ dúró ti ohun tí ẹ kọ.

Òfin náà wà lẹ́yìn mi. Federal Competition and Consumer Protection Act ti 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà, kó sì gba owó rẹ̀. Òfin ọ̀rá tí ẹ ṣe nínú ilé iṣẹ́ yín kò lè borí ìyẹn.

Ojú fóònù náà wà lọ́wọ́ mi, gọ́ọ̀mù ò kàn án, kò họ, gbogbo irinṣẹ́ pé sínú àpò. Ẹ fi OLED tó bá A51 mu ránṣẹ́, tàbí kí ẹ dá gbogbo owó mi padà, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí mo san lórí ẹrù. Owó ọkọ̀ tí èyí yóò fi padà wá bá yín, ẹ̀yin ni kí ẹ san án. Ẹ yọ OLED kúrò lára ìpolówó ọjà yẹn lónìí, kí ẹ sì dá ìwé ìtọ́ni yẹn dúró títí ẹ ó fi ṣe ti A51 gan-an, tí ẹ ó kọ ti bátìrì sí òkè rẹ̀ gàdàgbà. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, màá kó rìsíìtì, fídíò àti àwòrán ọ̀rọ̀ yín fún FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín, aránṣọ ní Ajílósùn.