Ìdí tí ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì fi ń dùn mọ́ wa

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ìwé ìròyìn yìí jáde. Lẹ́tà tí òǹkàwé kan kọ sí yín lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ó mú kí n gbé kálàmù. Ó ní ó ya òun lẹ́nu pé àgbàlagbà tí ó ní ojúṣe nílé lè jókòó máa ka ìtàn àwọn tí ń gbé nínú ìràwọ̀, tàbí ti ẹ̀rọ tí ń ronú bí ènìyàn, nígbà tí owó oúnjẹ kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sùn. Ó ní sísá fún ayé ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí èmi náà ń ná ọjà Bódìjà, mo sì mọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. Síbẹ̀, n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ físíìsì ní ìlú Ìbàdàn, mo sì ti ń ka ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì kí n tó di olùkọ́ rárá. Ìbéèrè kan ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń bi ènìyàn: bí nǹkan kan ṣoṣo bá yí padà láyé ńkọ́, kí ni yóò tẹ̀lé e? Títọ ìbéèrè náà láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀, láìṣe èrú, ni adùn rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì mi. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni, iná ti lọ, ooru mú, ó sì ti rẹ àwọn ọmọ náà. Mo wò ó pé bí mo bá tún kọ òfin Newton sí ojú pátákó, oorun ni wọn yóò fi gbà á. Mo bá gbé ẹfun ọwọ́ mi sílẹ̀, mo ní, "Ẹ gbọ́. Láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la, òòfà ilẹ̀ tí ń fa gbogbo nǹkan wálẹ̀ dín kù sí ìdajì ní Ìbàdàn. Ohun mìíràn kò yí padà. Kí ni ẹ óò rí?"

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní òun yóò fo odi ilé ẹ̀kọ́ kọjá. Òmíràn ní alábàárù Bódìjà yóò máa ru àpò ẹ̀wà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ní òjò yóò máa rọra rọ̀, mo sì sọ fún un pé òótọ́ ni, ẹ̀kán òjò kò ní sáré wálẹ̀ tó bí ó ti ń ṣe. Wọ́n dé orí páànù ilé tí kò ní wúwo mọ́, tí ìjì tí a kò kà sí lè wá ká lọ. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan tí ó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Mà, gaàrí ni ìyá mi ń tà, kóńgò ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ti ìyá mi kò ní yí padà, torí kóńgò kò mọ̀ bóyá gaàrí wúwo tàbí kò wúwo. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń fi ẹja kọ́ ìwọ̀n oníspíríǹgì ni. Ẹja kìlò kan yóò di ìdajì kìlò lójú ìwọ̀n. Ṣé wọ́n á tà á ní ìdajì owó ni?"

Olóòtú, kíláàsì dàrú. Àwọn kan ní ẹni tí ó fẹ́ ra ẹja ni yóò jèrè. Àwọn kan ní ìyá ẹlẹ́ja á ti fura kí ó tó di ọ̀sán, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ bí ẹja ti pọ̀ tó kí ó tó gbé e kọ́ ìwọ̀n. Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń ra wúrà àlòkù ní ìwọ̀n alápá méjì tí bàbá òun ń lò kò ní ṣèké, torí pé apá kejì náà ti fúyẹ́ ní ìwọ̀n kan náà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ọmọ tí mo ti ń kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko pé ìwúwo nǹkan yàtọ̀ sí iye ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí kò sì yé wọn, ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún ara wọn. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó sá fún ayé lọ́jọ́ náà. Ọjà Bódìjà ni ọkàn wọn lọ, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n ti ń kọjá lára rẹ̀ láti ìgbà èwe wọn.

Àwọn kan lè sọ pé àwa Yorùbá ti ní ààlọ́, a sì ní ìtàn ọdẹ àti iwin, pàápàá láti ìgbà tí D. O. Fágúnwà ti gbé àkọ́kọ́ nínú àwọn ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Mo fẹ́ràn wọn, n kò sì ní fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí ó wà láàárín apààlọ́ àti olùgbọ́ yàtọ̀. Nígbà tí Ìjàpá já bọ́ láti òde ọ̀run tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, ẹnikẹ́ni kì í béèrè bí ibi tí ó ti já bọ́ ti ga tó. Bí a bá béèrè, a óò ba ààlọ́ jẹ́. Nínú ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, òǹkàwé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, òǹkọ̀wé sì mọ̀ pé wọn yóò béèrè. A gbà fún un kí ó pa irọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀, irọ́ kan péré, lẹ́yìn náà ó di dandan kí ó máa sọ òótọ́ títí ìtàn yóò fi parí. Èyí ni ó mú kí ìgbádùn rẹ̀ jọ ti ọlọ́pọ́n ayò: òfin ni ó ń mú kí eré dùn.

Adùn mìíràn wà níbẹ̀ tí ó ṣòro fún mi láti fi ọ̀rọ̀ gbé. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní agboolé wa ní Bẹẹrẹ, ìyá ìyá mi máa ń fi ọwọ́ júwe ìràwọ̀ kan tí ń tàn gan-an lẹ́bàá òṣùpá ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á ní, "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni." Òwe nípa ènìyàn tí a kò kà sí ni wọ́n fi ń pa. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo kà á pé Àgùàlà, tí a rò pé ajá ni, ayé mìíràn ni, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Venus, ó sì fẹ̀ ju òṣùpá lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó lé ní 12,000 kìlómítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, òṣùpá kò sì tó 3,500. Ó máa ń gba ọjọ́ 243 nínú ọjọ́ tiwa kí ó tó yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ 225 ni ó fi ń yí oòrùn po. Ooru orí ilẹ̀ rẹ̀ tó láti yọ́ òjé. Mo rántí pé mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo jáde sí ìta, mo sì wojú ọ̀run títí ọrùn fi dùn mí. Òǹkọ̀wé tí ó bá lè mú mi dúró lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí n gbọ́ ìró rẹ̀ kí n sì mọ ìwúwo ẹsẹ̀ mi lórí rẹ̀, ti fún mi ní ohun tí owó ọkọ̀ kan kò lè rà.

Ìbẹ̀rù pẹ̀lú wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù náà kò sì jìnnà sí wa. Ní ọdún 1815, òkè oníná kan tí wọ́n ń pè ní Tambora bú gbàmù ní Indonéṣíà, eérú rẹ̀ sì ba ojú ọjọ́ Yúróòpù jẹ́ ní ọdún kejì. Òjò àti òtútù sé àwọn ọ̀dọ́ kan mọ́lé ní Switzerland, wọ́n bá ní kí olúkúlùkù pa ìtàn ẹlẹ́rù kan, bí a ti máa ń ṣe nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ nígbà òjò. Mary Shelley, ọmọ ọdún méjìdínlógún, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì di ìwé ní 1818: ọ̀mọ̀wé kan fi ọgbọ́n sáyẹ́ǹsì dá ẹ̀dá kan, ó sì sá fún un ní alẹ́ ọjọ́ tí ó lajú. Ẹ̀dá náà di apànìyàn nítorí pé ẹni tí ó dá a kọ̀ láti tọ́ ọ. Ẹ sọ fún mi, èwo nínú òbí Yorùbá ni kò mọ ọmọ tí a kò kọ́, tí yóò gbé ilé tí a kọ́ tà? Lẹ́yìn rẹ̀ ni Karel Čapek, ọmọ ilẹ̀ Czech, kọ eré orí ìtàgé kan ní ọdún 1920, níbi tí ọ̀rọ̀ náà "róbọ́ọ̀tì", tí a fi ń pe ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ bí ènìyàn lónìí, ti jáde sí ayé. Inú ọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn ni ó ti wá, èyí tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ ipá tí tálákà ń ṣe fún olówó ilẹ̀. Àgbàlagbà tí ó bá gbọ́ ìyẹn láàárín wa yóò rántí ìwọ̀fà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí ó ti rí bí iṣẹ́ ṣe kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ń fi táìpù kọ ìwé lẹ́nu ọ̀nà kóòtù nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ìdí tí ìtàn ẹ̀rọ tí ń gba iṣẹ́ ènìyàn fi ń gbà á lọ́kàn.

Àwọn mìíràn ń yin irú ìtàn yìí nítorí pé ó ń sọ ọjọ́ iwájú. N kò bá wọn lọ jìnnà nínú ìyẹn. Lóòótọ́, Jules Verne, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ ní ọdún 1865 pé ọkùnrin mẹ́ta yóò gbéra láti Florida lọ sí òṣùpá, ọkùnrin mẹ́ta sì gbéra láti Florida ní 1969. Ṣùgbọ́n ìbọn ńlá ni ó fi yìn wọ́n lọ, bí ó bá sì jẹ́ pé a dán ọgbọ́n náà wò, ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ni wọn ìbá ti kú. Síbẹ̀, ìwé náà dùn. Ifá kọ́ ni a ń dá nínú wọn.

Ẹyọ kan wà tí mo máa ń fi hàn àwọn ọmọ mi, nítorí pé ilé wa ni. Ní ọdún 1954, Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó wá fi Ìbàdàn ṣe ilé títí ó fi kú níbí ní 1997, gbé ìwé kan jáde nínú èyí tí obìnrin iwin kan ti la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fún ọmọkùnrin tí ó sọnù sínú igbó. Tẹlifíṣọ̀n ni ó wà nínú àtẹ́lẹwọ́ náà. Ọmọ náà wò ó, ó rí ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Ẹ rántí pé ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tí wọ́n ní ìbátan ní Kánádà kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn kàn wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Igbó àti iwin ni Tutùọlá ń kọ, kò pe ara rẹ̀ ní oní-sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ohun tí ń dun ọmọ náà, pé ó fẹ́ rí ìyá rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ni ó mú kí àwòrán náà wà láàyè títí di òní.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún rèé, Olóòtú. Àwọn ọmọ wa ń kọ irú ìtàn yìí, ayé sì ń kà á. Ní ọdún 2019, Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, gba ẹ̀bùn tí wọ́n fi orúkọ Arthur C. Clarke, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ, fún ìwé kan tí ó gbé kalẹ̀ sí Nàìjíríà ọdún 2066. Nnedi Okorafor ti mú àwọn àjèjì láti ojú ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun Èkó nínú ìwé rẹ̀ ti 2014. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà nípa àgbáyé mìíràn ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi pa ààlọ́ fún un, kò mọ ibi tí yóò wá a sí. Mo bẹ̀ yín kí ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ lóṣù fún ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a kò ní yóò jáde, nítorí pé ìtàn kì í dúró de ìwé atúmọ̀ èdè.

Ọmọbìnrin tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ti kọ tirẹ̀, ojú ewé mẹ́ta gbáko. Ìlú kan ni, níbi tí òòfà ilẹ̀ ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ láìsí ẹni tí ó mọ̀, àfi ìyá ẹlẹ́ja kan tí ó ṣàkíyèsí pé ẹja tí òun ń kó sórí ìwọ̀n kí ó tó pé kìlò kan ń pọ̀ sí i. Mo bá a fi àmì ohùn sí i, n kò fọwọ́ kan ohun mìíràn. Ìyá rẹ̀ ti gbà kí n fi ránṣẹ́. Ó wà nínú àpò ìwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ físíìsì kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.