Lẹ́tà sí Màmá Ìtòkú, Nípa Ọmú Tí Ọmọ Kò Tíì Lè Mu

Abẹ́òkúta.

Màmá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí yín kú ọjà, mo sì kí yín kú ìnáwó ọjọ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí a sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ ní Adátán. Inú mi dùn bí mo ṣe rí yín nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ẹ fi ìyẹ́ adìẹ ya fúnra yín. Ìbéèrè kan tí ẹ bi mí níbi tí a ti ń jẹun ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ẹnìkan sọ fún yín pé n kò sí ní yàrá ìgbẹ̀bí mọ́, pé ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tuntun tí ara wọn kò le ni mo wà báyìí, àti pé iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni láti ran àwọn ìyá lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọmú. Ẹ wò mí lójú, ẹ ní, "Ṣé obìnrin tó lóyún, tó rọbí, tó bímọ, ni wọ́n tún ń san owó fún ènìyàn pé kó wá kọ́ bí a ṣe ń fún ọmọ lọ́mú?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀yin fúnra yín kò rẹ́rìn-ín. N kò fèsì, nítorí pé ọmọdé kì í bá àgbà ṣe àròyé láwùjọ, àti nítorí pé ìdáhùn náà gùn ju ohun tí a lè sọ tán nídìí àwo oúnjẹ lọ.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yín bí ó bá jẹ́ ti ọmọ tó pé oṣù. Ọmọ tó pé oṣù, bí a bá ti gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi ẹnu wá ọmú kiri. Àmọ́ àwọn ọmọ tí mo ń tọ́jú kò pé oṣù. Ọmọ tí a bá bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni a kà sí ọmọ tí kò tó ọjọ́, àwọn tiwa sì máa ń kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 28 tàbí 29 lè má wúwo ju gíráàmù 1,000 tàbí díẹ̀ lé lọ, èyí tí í ṣe ìwọ̀n píọ̀wọ́tà méjì tí ẹ ń rà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń kiri lọ́jà. Kí ọmọ tó lè mu ọmú, ó gbọ́dọ̀ lè fà á, kí ó gbé e mì, kí ó sì mí, láìjẹ́ pé ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́, ọgbọ́n yìí kì í sì í sábà wọ ara ọmọ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32 sí 34. Bí a bá fi ọmú sí i lẹ́nu ṣáájú ìgbà náà pé kó mu ún yó, ó lè há a lọ́fun. Nítorí náà, inú àpótí onígíláàsì tó ń mú un móoru ni ó ń sùn, ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín kan ni a sì ń gbà fi oúnjẹ ránṣẹ́ sínú ikùn rẹ̀. Mílílítà kan tàbí méjì ni oúnjẹ náà lẹ́ẹ̀kan, kò tó ìdajì ṣíbí tíì.

Oúnjẹ yìí, inú ọmú ìyá rẹ̀ ni a fẹ́ kó ti wá, ọmọ náà kò sì lè pè é wá fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín, Màmá, pé abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti rò pé ìfẹ́ ìyá ni òwe náà ń sọ. Ìgbà tí mo dé ẹ̀ka yìí ni mo rí i pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara gan-an ló ń sọ pẹ̀lú. Bí ìyá bá gbọ́ ẹkún ọmọ, tàbí tí ó gbọ́ òórùn orí rẹ̀, tàbí tí ẹnu ọmọ kan orí ọmú, ọpọlọ rẹ̀ a tú oje kan jáde sínú ẹ̀jẹ̀, oje náà ni ó sì ń ti omi ọmú jáde. Ẹ̀yin náà ti rí ìyálọ́jà tí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ké, tí àyà bùbá tirẹ̀ sì tutù lójijì. Ẹ wá wo ìyá tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, wọ́n dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù mìíràn, ọmọ sì wà nínú gíláàsì ní ọ̀nà jíjìn sí wọn. Ọmọ tí ọ̀pá ìmí wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ kò lè ké rárá, èyí tó lè ké, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ológbò lọ. Etí wà níbẹ̀, ẹkún ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni pé nígbà mìíràn, lórí bẹ́ẹ̀dì tó kàn án, ọmọ ẹlòmíràn tó pé oṣù ni yóò máa ké mọ́jú.

Nítorí náà, a ń wá ohun tí yóò dúró dípò ẹkún náà. A máa ń fi aṣọ péńpé kan sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ di ilẹ̀ mọ́, a óò wá gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ pé kó máa gbóòórùn rẹ̀ bí ó ti ń fi ọwọ́ fún omi ọmú sínú ife. A máa ń ya àwòrán ọmọ sínú fóònù rẹ̀. Bí ó bá ti lè dìde, a óò gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, kí ó ki ọwọ́ kan wọlé, kí ọmọ di ìka rẹ̀ mú. A fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmú ní wákàtí kìn-ín-ní lẹ́yìn ìbímọ bí agbára rẹ̀ bá gbé e, ó pẹ́ tán kí wákàtí mẹ́fà má kọjá, kí ó sì máa ṣe é ní ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ bọ́ sí ọ̀gànjọ́, nítorí pé òru ni oje tí ń ṣe omi ọmú máa ń pọ̀ jù lára obìnrin. Ẹ ro ti obìnrin tí kò sí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ojú iṣẹ́ abẹ ń ro ó, tí ó ń dìde ní aago méjì òru láti jókòó ti ife kékeré kan. Kò sí ẹni tó ń kí i kú iṣẹ́.

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sọ pé a fún ènìyàn ní nǹkan, òun náà ni a sì fi ń sọ pé a fún aṣọ tó tutù kí omi rẹ̀ lè kán. Méjèèjì ni ìyá yìí ń ṣe pọ̀: ó ń fún ọmú kí ó lè fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ẹ fi ń fún aṣọ tó ti inú aró jáde kọ́ ni a fi ń fún ọmú, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó sì ti fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ara wọn léṣe kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. A kì í fa orí ọmú. Àtàǹpàkò yóò wà lókè, àwọn ìka yòókù nísàlẹ̀, lẹ́yìn ibi tó dúdú yẹn díẹ̀. A óò tẹ̀ ẹ́ padà sẹ́yìn sí àyà, a óò rọra pa ìka pọ̀, a óò sì dẹ ọwọ́. Ẹ̀kọ́ ni, Màmá, gẹ́gẹ́ bí dídi àdìrẹ oníko ti jẹ́ ẹ̀kọ́.

Aránṣọ kan wà lọ́dọ̀ wa lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, omi ọmú rẹ̀ kò ju ẹ̀kán méjì lọ, ó pupa rúsúrúsú, ó sì ki. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife náà nítorí ìtìjú. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ọmú ti gbẹ, pé kí wọ́n lọ ra wàrà inú agolo. Mo fa ẹ̀kán méjì náà sínú sírínjì, a lọ sídìí àpótí pọ̀, mo sì ní kí òun fúnra rẹ̀ fi í pa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà la ètè lá a. Omi àkọ́kọ́ yẹn ni ohun tó ń gbógun ti àìsàn pọ̀ sí jù, omi ọmú ìyá tó bímọ láìtó ọjọ́ sì tún yàtọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé èròjà tí ń mú ara dàgbà pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti ìyá tí oyún rẹ̀ pé lọ. Ìfun àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tíì gbó. Àrùn kan wà tó máa ń mú ìfun wọn wú, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ a sì kú, ó máa ń pa wọ́n, ó sì máa ń mú ọmọ tí a fi wàrà agolo bọ́ ju èyí tó ń jẹ omi ọmú lọ. Nígbà tí kò bá sí omi ọmú rárá, tí dókítà sì ní kí a fún ọmọ ní wàrà mìíràn, n kì í bá a jiyàn, nítorí pé ebi náà ń pa ọmọ. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a pa ọmú tì ní ọjọ́ kìn-ín-ní nítorí pé ẹ̀kán méjì ló jáde. Ní ọjọ́ karùn-ún, aránṣọ yìí gbé ife wá, mílílítà 30 ló wà nínú rẹ̀.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe tí n kò lè gbàgbé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé, mo ń ka iye tí ìyá kọ̀ọ̀kan mú wá sókè. Mo sọ fún obìnrin kan lójú àwọn yòókù pé kó túbọ̀ gbìyànjú. Fún ọjọ́ méjì kò padà wá, nígbà tó sì dé, omi ọmú rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ọ̀rọ̀ yìí: ọjà tó bá ṣì kún orí àtẹ, kò sẹ́ni tó ń gbé òmíràn wá lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmú rí. Bí a kò bá kó o kúrò nínú rẹ̀, ara a gbà pé kò sí oníbàárà, a sì dẹ́kun àtiṣe é. Nítorí náà ni n kì í fi í bá ẹ̀yin àgbà jà lórí ẹ̀kọ gbígbóná tí ẹ ń gbé wá. Ó ń fún ìyá lókun, ó sì ń jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń ro ti òun. Kí ó ṣáà mu ẹ̀kọ náà tán, kí ó sì tún fún ọmú. Nísinsìnyí, bí ìyá bá wọlé, mo máa ń bèèrè bóyá ó ti jẹun, bóyá ó sùn, kí n tó wo inú ife rẹ̀.

(Ti ìtọ́jú omi náà kò gùn. Nínú ooru Abẹ́òkúta, a kì í jẹ́ kó pé wákàtí mẹ́rin níta kó tó wọ inú fíríìjì, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná mọ̀nàmọ́ná ṣe rí.)

Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bá kan ojú egbò. Ìyá tó bí mi sọ fún mi pé kí ẹ tó bí ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ẹ ti bí olóṣù méje kan, àti pé wọ́n ní kí ẹ fún omi ọmú tó pupa yẹn dà sílẹ̀ pé kò mọ́, tí wọ́n sì ń fi omi àti ṣúgà sí ọmọ lẹ́nu. N kò sọ pé ọmọ náà ìbá yè. Ohun tó ń pa olóṣù méje pọ̀, àìlèmí dáadáa nìkan tó. Àwọn tó gbà yín nímọ̀ràn sọ ohun tí wọ́n mọ̀, ẹ̀yin sì ṣe ohun tí ìyá ọ̀dọ́ ń ṣe, ẹ gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Àmọ́ nígbà tí ẹ bi mí ní ìbéèrè yẹn tí ẹ kò rẹ́rìn-ín, mo rò pé ọmọ yẹn ni ẹ rántí.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀ yín. Ohùn mi kò lágbára tó lójú àwọn ìyá ọkọ. Mo kéré sí wọn, aṣọ funfun tí mo wọ kò sì ní kí wọ́n gba ohun tí mo bá sọ. Bí ẹ̀yin bá jókòó tì wọ́n, tí ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, wọn yóò gbọ́. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń kó wọn jọ.

Mo sì tún ń fẹ́ aṣọ. Ní ọdún 1978, ní ìlú Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, dókítà Edgar Rey Sanabria bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí àwọn ìyá so ọmọ tí kò tó ọjọ́ mọ́ àyà wọn, awọ ara kan awọ ara, nítorí pé àpótí ìmóoru kò kárí. Ní ọdún 2022, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, dámọ̀ràn pé kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní gbàrà tí a bá ti bí ọmọ náà, fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán lójúmọ́. Àwa tí a mọ ọ̀já lẹ́yìn, iwájú ni a kàn ń gbé e wá. Ọmọ a móoru, a sì mí dáadáa, omi ọmú ìyá a sì máa pọ̀ sí i, nítorí pé òórùn ọmọ ti dé imú rẹ̀. Ìyá àgbà náà lè gbé e nígbà tí ìyá ọmọ bá ń sùn. Ìró àdìrẹ àtijọ́ ni mo fẹ́, olówùú, tí fífọ̀ ti mú kó rọ̀, yáàdì méjì-méjì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ó jẹ́ èyí tí aró rẹ̀ kò ta mọ́ rárá, nítorí pé awọ ara wọn fẹ́lẹ́ púpọ̀.

Ọmọ aránṣọ náà mu ọmú fún ìgbà àkọ́kọ́ ní àná. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni, ó sì sùn lọ.

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ sílé, nítorí pé a óò ní kí ẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kí ẹ tó wọlé. Aago mẹ́wàá ni a máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi yóò wá pàdé yín lẹ́nu géètì.

Ọmọ àbúrò yín,
Nọ́ọ̀sì.