Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ láti Kétu

Àṣàkẹ́ òrékelẹ́wà,

O kú òtútù ilẹ̀ Faransé o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Ṣé ó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ni, àbí ó ṣì ń dúró de ìgbà tí orúnkún á fi òun sílẹ̀? Àwa wà níbí. Àgbàdo wọ́n díẹ̀, Ìyá Ṣèídù ti lọ sí Mẹ́kà wọ́n ti dé, ọ̀nà Pọ́bẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ Bàbá Fọ́tò ni mi ò lè pa mọ́ra.

O ṣáà rántí pé òun ló ya ìgbéyàwó ọmọ Alájà, èyí tí wọ́n fi pa màlúù méjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú kílé USB kan (fíláàṣì) dé láti ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, ó tì í bọ kọ̀ǹpútà, pé fíìmù lòun fẹ́ wò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí fọ́tò kan tó ṣeé ṣí mọ́. Ìwé kan ló kù lójú kọ̀ǹpútà: kó san bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó bá a ṣí i. Àṣàkẹ́, ó bi mí pé ṣé ẹnì kan wà ní ọjà Kétu tó ń ṣẹ́ bitcoin. Ẹ̀rín gbé mi dé ọ̀nà ọ̀fun, ojú tí mo rí lára rẹ̀ ni ò jẹ́ kó jáde.

Ó ní òun ṣáà ní dísíkì tí òun ń kó nǹkan sí. Òótọ́ ni, ó ní in. Àmọ́ ara kọ̀ǹpútà ni dísíkì ọ̀hún ń gbé tọ̀sán tòru, irú kòkòrò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohunkóhun tó bá bá lára ẹ̀rọ ló ń tì pa. Ọmọ ìyá WannaCry ni, èyí tó da àwọn ilé ìwòsàn ìlú Gẹ̀ẹ́sì rú ní oṣù Karùn-ún 2017. Ìyàwó tuntun àti ìyá ọkọ rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn, ni Bàbá Fọ́tò bá ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Pọ́bẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ṣì ń kí ẹ̀gbọ́n ọ̀hún lọ́wọ́.

Ìwọ náà á ti mọ ibi tí àyà mi ti já. Ohùn Bàbá wa. Gbogbo orin Ẹ̀fẹ̀, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí mo gbà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó lọ, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yẹn ló wà, tó jẹ́ pé bí mo bá ti tàn án, á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ajá tó ń họ eegun. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ni mò ń da ara mi láàmú sí, UNESCO ṣáà ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ láti 2001. Mo ní ẹ̀gbọ́n, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni UNESCO kọ sílẹ̀, ṣé ohùn Bàbá wa wà lọ́wọ́ wọn? Wọ́n dákẹ́. O mọ irú dídákẹ́ wọn.

O ní kí n kó gbogbo rẹ̀ sí Google. Mo gbọ́, àmọ́ gígábáìtì 15 ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́tà Gmail àti fọ́tò sì ń jẹ nínú rẹ̀. Òru Ẹ̀fẹ̀ mélòó ló fẹ́ gbà? Ká tiẹ̀ ní ó gbà á, mégà íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo máa fi gbé e lọ ńkọ́, ṣé ìwọ lo fẹ́ máa rà á? Dísíkì ni mo rà. Ètò tó máa bá mi kó nǹkan sínú rẹ̀ ló wá di ìṣòro, torí ọ̀fẹ́ ni mo ń wá, mi ò sì fẹ́ ọ̀fẹ́ tó máa yọ mí sílẹ̀ lọ́la.

Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kọ́kọ́ gbé Macrium Reflect fún mi, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó níyì nígbà ayé rẹ̀, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni àwọn tó ni ín ti pa ti ọ̀fẹ́ tì. Mo dá a padà fún un. Ó gbé FreeFileSync wá. Èyí wù mí, ọmọ kékeré á lò ó: ohun tó wà ní kọ̀ǹpútà lápá òsì, ohun tó wà ní dísíkì lápá ọ̀tún. Àmọ́ bí o bá ní kó ṣe ọ̀tún bí òsì gẹ́lẹ́, ohun tó bá parẹ́ ní òsì, á pa á rẹ́ ní ọ̀tún. Ọmọ kan á ṣèèṣì nu orin nù lọ́sàn-án, dísíkì á bá a parí ẹ̀ lálẹ́. (Ó lè tọ́jú àwọn ti àtijọ́ síbì kan o, tí èèyàn bá rántí sọ fún un. Ìwọ mọ̀ mí.) Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Calavi ní restic ni kí n lò. Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ kò sí bọ́tìnì kan tí èèyàn máa tẹ̀, àṣẹ ni wàá máa kọ sójú dúdú. Mo ní kò burú, kó máa ti Calavi wá kọ ọ́ fún mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Kopia ni mo fi parí ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kódù rẹ̀ wà ní gbangba, ó ní bọ́tìnì. Ohun tó bá ti kó lẹ́ẹ̀kan, kì í kó o lẹ́ẹ̀kejì. Bí iná bá lọ lójijì, á kàn kó èyí tó kù nígbà tó bá dé. Bí nǹkan ṣe rí lánàá àti lóṣù tó kọjá, ó ń tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó sì ń fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ti gbogbo rẹ̀ pa kó tó gbé e sínú dísíkì. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ojú rẹ̀ ṣáá. Àwọn tíṣà tó nà wá nítorí Gẹ̀ẹ́sì mà jàre o!

Mi ò gba ẹnu rẹ̀ gbọ́ lásán. Mo gbé dísíkì lọ sídìí kọ̀ǹpútà ìyàwó àbúrò mi, mo fi Kopia síbẹ̀, mo ní kó yọ orin kan péré fún mi. Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Èyí tí wọ́n fi bú àwọn olówó èlé, o rántí ẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi ní kí ló dé tí mò ń sunkún, mo ní èéfín ni. Èéfín wà lóòótọ́, torí ọbẹ̀ rẹ̀ ti ń jóná.

Wàyí o, Àṣàkẹ́. Dísíkì náà wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Olè, iná, òjò, ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó bá kọ́kọ́ dé á bá méjèèjì pọ̀. Kì í sì í ṣe orin nìkan ló wà níbẹ̀. Fọ́tò ìwé ilẹ̀ Bàbá ní ọ̀nà Ìláárà wà níbẹ̀, gbogbo ojú ewé rẹ̀, pẹ̀lú ìka àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹ̀gbọ́n mi ti béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dùn mọ́ mi.

Mo ti ra dísíkì kejì. Ọkọ Ṣìdí ń bọ̀ ní Lyon lóṣù tó ń bọ̀, inú gàrí ni màá fi í sí. Kò lè rí nǹkan kan níbẹ̀ bó tiẹ̀ wù ú. Jọ̀ọ́, bá mi fi í sí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ. Irú ètò dísíkì tí wọ́n ń pè ní exFAT ni mo ṣe é, kọ̀ǹpútà Mac rẹ á kà á. Má jẹ́ kó máa gbé ara kọ̀ǹpútà o, Bàbá Fọ́tò ti kọ́ wa. Fi Kopia sórí Mac náà; lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ṣáá, fi dísíkì sí i, yọ orin kan, kí o sì sọ èyí tí o gbọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, ẹnu ni màá fi sọ ọ́ nígbà tí mo bá pè ọ́. Kì í ṣe oríkì Bàbá, gbogbo Kétu ló mọ ìyẹn. Kọ ọ́ sórí ìwé, fi síbi tó jìnnà sí dísíkì, torí bí èmi àtìwọ bá gbàgbé rẹ̀, àwọn tó ṣe Kopia gan-an ò lè ṣí i.

Má sọ fún Màmá o. Mo fẹ́ràn wọn, àmọ́ àwọn àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Bí o bá sì dé ibi orin tí Bàbá fi bú bàbá rẹ, má bínú. Ìwọ náà wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, o sì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ.

Èmi ni,
Àlàbá